Bí mo ṣe tẹ ìwé àwọn aláró Ìtòkú jáde, àti owó pléètì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi

Owó pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san án lórí ìwé kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí inú mi lè fúyẹ́. Ìwé ọ̀hún ò sì tóbi o, ìwé pẹlẹbẹ ni, lórí àwọn ìyá aláró Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, bí àdìrẹ Ọlọ́ba ṣe jáde nígbà jùbílì ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1935, àti ìjà ọdún 1936 tí wọ́n bá Aláké Adémọ́lá fà lórí òfin tó ní wọn ò gbọdọ̀ lo sódà àti aró òyìnbó. Ibi ìjà yẹn ni mo fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà làwọn atẹ̀wé sì bà jẹ́ jù.

Bí mo ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, mi ò ní fìyẹn gbà yín lásìkò, ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá àgbà rí mọ̀ pé wàá jẹun kó o tó gbọ́ ìtàn.

Ṣómólú ni mo gbé e lọ, ṣebí ibẹ̀ làwọn atẹ̀wé pọ̀ sí l'Ékòó. Owó bébà ti kọ́kọ́ já mi láyà, torí òkè òkun lèyí tó pọ̀ jù ti ń wá, àtìgbà tí náírà sì ti já lulẹ̀ lọ́dún 2023, iye tí wọ́n pè láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n máa pè lálẹ́. Ilé iṣẹ́ bébà tíjọba kọ́ sí Ìwòpin ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí ńkọ́? Ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún wọn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fún un ní fáìlì Word tí àmì ẹ̀ pé pérépéré, ó dà á sínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ewé, ó yí fọ́ǹtì sí èyí tó wù ú, ló bá di pé àmì orí Ẹ̀gbá ti fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àpótí kékeré jókòó sínú orúkọ Ṣódẹkẹ́, oríkì tó kún ojú ewé kan wá dà bíi fọ́ọ̀mù táàyè ẹ̀ ṣófo. Mo pariwo, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ àmì yẹn kúrò, á yé gbogbo èèyàn." Á yé ta ni? Ọ̀gá ẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn á tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, ní ojú ewé tí mo fi hàn wọ́n nìkan, kí n tó rí ìyókù wọ́n ti ṣe pléètì, ọ̀gá wá ní tí mo bá fẹ́ òmíràn èmi ni màá san án.

Mo lọ wádìí ohun tó ń fà á. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, lẹ́tà kan ni nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí àmì ohùn bá tún gùn ún, Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un, àmì ohùn yẹn á dá wà fúnra ẹ̀, fọ́ǹtì tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e gun lẹ́tà yẹn, á jù ú nù. Ìdí nìyẹn tí Ìtòkú fi jáde dáadáa tí Ẹ̀gbá sì fọ́. Lọ́dún 1859 Townsend tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá l'Abẹ́òkúta yìí kan náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà, kò sí NẸ́PÀ kò sí kọ̀ǹpútà!

Mo padà sílé, mo fi fọ́ǹtì Charis SIL, tó mọ àmì wa gbé, to gbogbo ẹ̀ fúnra mi nínú LibreOffice, ètò ìkọ̀wé bíi Word, mo sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú ẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Títẹ̀ ẹ̀ àti fífi pínnì dì í pọ̀ ò gba àsìkò mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá, ẹ má fún wọn ní Word rárá. Ẹ ní kí wọ́n tẹ gbogbo ojú ewé sórí bébà fún yín kí wọ́n tó ṣe pléètì, oríkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò torí ibẹ̀ làmì pọ̀ sí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe tiwọn, owó tiwọn.

Ìwé náà rẹwà, mo gbà fún ara mi, kò sí àmì kan tó wọ́. Àwọn èèyàn ti ń béèrè bóyá màá tún un tẹ̀. Ẹ ní sùúrù ná, mo ṣì ń pe ọ̀gá yẹn lórí owó pléètì mi, kì í gbé e.