Bí mo ṣe ṣírò agbára átọ́ọ̀mù àjèjì kan nínú gáàsì tó tutù kọjá ààlà

Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi ní yunifásítì gbé fún mi kò ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ. Bí átọ́ọ̀mù àjèjì kan bá wọ àárín ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù lítíọ́ọ̀mù tó ti tutù tán, báwo ni agbára rẹ̀ yóò ṣe lọ sílẹ̀ tó? Yàrá ìwádìí olówó ńlá ni wọ́n ti ń wọn irú èyí lókè òkun, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká mi nínú yàrá tí mo háyà ní Under-G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó o ṣe. Inú mi dùn sí i débi pé mo fẹ́ kí ẹlòmíràn náà gbìyànjú rẹ̀.

Lítíọ́ọ̀mù-6 jẹ́ fẹ́míọ́ọ̀nù: méjì tó bára wọn mu ní gbogbo ọ̀nà kò lè wà ní ipò kan náà. Tí òtútù bá mú wọn dáadáa, wọ́n á kún àwọn ipò náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Agbára èyí tó wà lókè pátápátá là ń pè ní agbára Fermi, E_F. Àjèjì tiwa ni lítíọ́ọ̀mù kan tí spin rẹ̀ (àbùdá kan nínú átọ́ọ̀mù tó dà bí yíyí) yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Bí eégún bá jáde, kì í dá rìn. Atọ́kùn, onílù àti àwọn ọmọdé á wọ́ tẹ̀lé e, ìrìn rẹ̀ á sì wúwo. Àjèjì yìí àti àwọn tó kó mọ́ra ni à ń pè ní pólárọ́ọ̀nù. Onímọ̀ físíìsì Lev Landau ló kọ́kọ́ dá irú èrò yìí lé ní 1933, nípa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú kírísítà.

Agbára òòfà ni wọ́n fi ń pinnu bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń fa ara wọn tó. Ibi kan wà tí gígùn ìtúká, a, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìfàmọ́ra náà ṣe lágbára tó, ti di aláìlópin, tí 1/a sì di òdo. Ibẹ̀ ni mo ti ṣírò.

Ọ̀nà onímọ̀ físíìsì Frédéric Chevy ti 2006 ni mo tọ̀. Ó gbà pé àjèjì náà kì í gbé ju átọ́ọ̀mù kan lọ lẹ́ẹ̀kan: á mú un kúrò ní ipò q nínú òkun Fermi (àwọn ipò tó ti kún wọ̀nyẹn), á gbé e lọ sí ipò k lóde òkun náà. Nínú ìdọ́gba rẹ̀, agbára àjèjì náà, E, wà ní òsì, àròpọ̀ lórí k àti q sì wà ní ọ̀tún. Nígbà tí mo fi k_F (ìwọ̀n k ní etí òkun náà), ħ (nọ́ńbà Planck tí a fi 2π pín) àti ìwúwo átọ́ọ̀mù kan sí 1, tí mo sì fi E_F wọn E, q² pa ara rẹ̀ rẹ́, ohun tó kù lábẹ́ ìpín kò ju èyí lọ:

k² − kq·cosθ + |E|/2

Lórí ìwé ni mo ti yanjú igun θ; lọ́gárídímù ló já sí. Mo fi íntígírà k àti ti q lé Python, èdè ètò kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́.

Ibi tó ta kókó jù ni k. Bí k ṣe ń lọ sókè, àròpọ̀ náà ń dàgbà láìdúró, àfi kí a yọ 1/k² kúrò. Ìyọkúrò yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nígbà tí àròpọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1, nítorí pé inú òkun ti kún, àyè kò sí níbẹ̀ mọ́ fún átọ́ọ̀mù tí a gbé. Lójú tèmi, gbogbo físíìsì iṣẹ́ yìí wà nínú ìyàtọ̀ kékeré yẹn.

Lẹ́yìn èyí, mo ń pín àárín −1 àti 0 sí méjì léraléra títí ọ̀tún àti òsì ìdọ́gba náà fi pàdé. Wọ́n pàdé ní −0.607.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Gbé e lọ síbi tí ìfàmọ́ra ti fẹ́ẹ́rẹ́ ná, ká tó gbà á gbọ́.” Níbẹ̀, ìdáhùn ti wà lórí ìwé tẹ́lẹ̀: E gbọ́dọ̀ sún mọ́ 4/(3π) × k_F·a. Tí k_F·a bá jẹ́ −0.1, ìyẹn á fún wa ní nǹkan bíi −0.042. Ètò mi bọ́ sí tòsí ibẹ̀.

Ní 2009, ẹgbẹ́ olùwádìí Martin Zwierlein ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà wọn agbára yìí nínú lítíọ́ọ̀mù-6, wọ́n rí −0.64, pẹ̀lú àyè 0.07 sókè sódò. Tìyanu-tìyanu ni mo fi ka èyí, nítorí Chevy ò gbà ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Ìdí rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ Combescot àti Giraud ní 2008: ipa àwọn átọ́ọ̀mù púpọ̀ tí a gbé lẹ́ẹ̀kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ tán. Bí wọ́n ṣe fi átọ́ọ̀mù kejì kún un, −0.616 péré ló dé.

Mo tún fún àjèjì náà ní ìsáré díẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe wúwo tó: 1.17 ìlọ́po ìwúwo tirẹ̀ nìkan. Ní Paris, ní 2009, 1.17 náà ni àwọn olùwádìí kan wọ̀n, pẹ̀lú àyè 0.10.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ètò yìí kó má gbé e kọjá ibi tí 1/(k_F·a) ti tó nǹkan bíi 0.9. Láti ibẹ̀ lọ, àjèjì náà á so mọ́ átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, wọ́n á di mólékù, ìdọ́gba mìíràn ló sì ń ṣírò ìyẹn.