Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàbù: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣèwádìí kòkòrò àìsàn, ẹ má ṣe báyìí mọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ìwádìí ní yunifásítì, yálà ẹ wà l'Ákúrẹ́ níbí ni o tàbí ìlú Oǹdó, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàbù pé kí ló ń bà á lẹ́rù, ibà Lassa ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kò burú, Lassa kì í ṣe ohun àfiṣeré, pàápàá ní ìpínlẹ̀ tiwa. Àmọ́ tó bá di ká sọ ohun tó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe Lassa, ohun tó ń bà á jẹ́ ni ká máa gba ẹ̀rọ gbọ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iná, ẹ kúkú mọ bó ṣe ń ṣe wá. Ẹnìkan á gbé agar (ohun bíi jẹ́lì tá a fi ń gbin kòkòrò) sínú autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi èéfín omi gbígbóná pa kòkòrò), á tẹ̀ ẹ́, á gba South Gate lọ láti lọ jẹun, kó tó padà iná ti lọ, iná ti dé, ẹ̀rọ ti dákẹ́, á wá kó agar ẹ̀ síta bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta kó tó máa bi gbogbo èèyàn pé báwo ni kòkòrò ṣe hù lórí pléètì (àwo pẹlẹbẹ tá a ń da agar sí) tóun ò tíì fi nǹkan kan sí. 121°C fún ìṣẹ́jú 15 la fẹ́, tí iná bá já a láàárín, kò kà, ẹ se òmíì. Ìgbà tí ooru bá sì ti dé 121 la ti ń ka ìṣẹ́jú yẹn o, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pressure pot lórí gáàsì nítorí iná, tiyín tún ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde tán kẹ́ ẹ tó dé ihò ẹ̀, kí èéfín omi máa tú jáde gan-an. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́kù síbẹ̀, gééjì á máa sọ 15 psi (ìwọ̀n agbára tí èéfín fi ń tì) fún yín, ooru inú ẹ̀ ò sì tíì dé 121 rárá. Téèpù tó máa ń yí àwọ̀ yẹn, èyí tá a ń lẹ̀ mọ́ ohun tá a fẹ́ sè, ńkọ́? Ohun tó ń sọ ò ju pé ooru kàn án lọ, kò sọ pé gbogbo kòkòrò ti kú. Ìdọ̀tí tẹ́ ẹ fẹ́ dà nù, àwọn pléètì tí kòkòrò ti hù lórí wọn, ẹ má fi ìṣẹ́jú 15 pa wọ́n, ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ má sì kì wọ́n sínú ẹ̀ pin-pin.

Iná yìí náà ló ń ba dísìkì oògùn (bébà kékeré roboto tí wọ́n rẹ oògùn apakòkòrò sí) jẹ́, èyí ló sì ń bí mi nínú jù. Dísìkì tó yẹ kó wà nínú fíríìjì, 2 sí 8°C, á lo òpin ọ̀sẹ̀ nínú ooru, agbára ẹ̀ á ti dínkù, wọ́n á fi ṣe tẹ́ẹ̀sì fún kòkòrò tí wọ́n rí nínú omi kànga, òrùka (ibi tí kòkòrò ò ti hù yí dísìkì ká) á kéré, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú projẹ́ẹ̀tì pé kòkòrò inú omi Àkúrẹ́ ò gbọ́ oògùn kankan mọ́. Àṣé dísìkì ló ti kú! Tí agar yín bá nípọn ju mìlímítà 4 lọ, òrùka á tún kéré, tí kòkòrò tẹ́ ẹ tẹ́ sórí ẹ̀ bá pọ̀ ju 0.5 McFarland (ìwọ̀n tá a fi ń mọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó nínú omi) lọ, bákan náà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣe E. coli ATCC 25922 (kòkòrò tá a fi ń yẹ tẹ́ẹ̀sì wò) pẹ̀lú ẹ̀, torí a mọ ibi tó yẹ kí òrùka tiẹ̀ dé. Tí tiẹ̀ ò bá dé ibẹ̀, ẹ má kọ èsì kankan sílẹ̀, jọ̀ọ́.

Lébẹ́ẹ̀lì: ẹ má kọ ọ́ sórí ìdérí pléètì, ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn, ìdí pléètì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. "Sample 1" kì í ṣe orúkọ o, ta ló ni í, ọjọ́ wo, níbo?

Ọtí 70% dáa ju èyí tó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọtí pátápátá lọ láti fi nu tábìlì, omi inú ẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ laminar flow (tó ń fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ sórí iṣẹ́) sì wà fún ìdáàbòbò agar yín, kì í ṣe tiyín, ojú yín gan-an ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ má ṣí kòkòrò tó ń pani síwájú ẹ̀. Kóòtù láàbù ò gbọdọ̀ dé Ọjà Ọba.

Ó kù Lassa. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, ìlú Lassa ní Borno ló ti gba orúkọ, èkúté kan tí wọ́n ń pè ní Mastomys ló ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kẹ́ ẹ gbin fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ nínú láàbù ilé ẹ̀kọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ dẹ pàkúté l'Ọ́wọ̀ kẹ́ ẹ wá gbé èkúté wálé nínú báàgì. Ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ "malaria" sí lára á wọlé sí yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí Lassa ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbẹ̀rẹ̀ Lassa ò yàtọ̀ sí ibà lásán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má ṣí ìdérí centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kó lè pín) lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá dúró, ẹ má dé abẹ́rẹ́ padà. Tí ara yín bá wá gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ má lọ ra oògùn ibà lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, ẹ lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ kó tó bi yín.