Bí A Ṣe Ń Lo “Exaggerate” Láì Ṣì Í Lò

Ẹni tó rí ejò kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé, tó wá sáré wọlé pé òun rí ejò mẹ́wàá, ó bù mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì á ní “he exaggerated”. Bí kò bá rí ejò kankan rárá ńkọ́? Irọ́ ló pa nìyẹn, “he lied” sì ni ẹ ó lò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òótọ́ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n bu nǹkan lé lórí.

Èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òkìtì ni “agger”, kí èèyàn kó nǹkan jọ gègèrè sì ni “exaggerare”. Tiwa náà kò jìnnà sí i: a bu òmíràn mọ́ èyí tó wà nílẹ̀, ó di àbùmọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àbùmọ́ ju àsọdùn lọ fún ìtumọ̀ rẹ̀. (Àsọrégèé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún olùkọ́ ewì.)

Ní kíkọ, g méjì, r kan. Ní pípè, g méjèèjì di ohùn j kan ṣoṣo, x dún bíi gz, ohùn sì ń wúwo lórí “ag”.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí wọ́n bù mọ́. Nǹkan ni wọ́n ń bù mọ́, kì í ṣe èèyàn. “He exaggerated the size of the snake” tọ̀nà. “He exaggerated me” kò tọ̀nà, ìbáà jẹ́ pé irọ́ ló pa mọ́ yín. Ó sì lè dá dúró: “Stop exaggerating!”

Bí àbùmọ́ bá kéré, ẹ fi “slightly” sí i. Bó bá pọ̀, “greatly”. Bó bá kọjá ààlà, “grossly”. Èyí tí etí mi kò gbà ni “over-exaggerate”. Òkìtì ti wà nínú ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún ń gbé òkìtì gùn ún.

Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1897 nígbà tí àhesọ kàn pé ó ti kú. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ló ṣàìsàn níbẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ti yá. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí oníròyìn kan pé ìròyìn ikú òun “was an exaggeration”. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé èèyàn kì í kú díẹ̀ kí wọ́n wá bù kún un. Lónìí, “greatly exaggerated” ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé ó kọ. Wọ́n ti bu “greatly” mọ́ ọn fún un!

Ó ku ti àgbà. “You are exaggerating” le lẹ́nu ọmọdé sí àgbà, tàbí lẹ́nu òṣìṣẹ́ sí ọ̀gá. Lọ́fíìsì, ẹ lo “overstate”, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀bi náà bọ́ sórí iye tó wà nínú ìwé: “Sir, I think this figure is slightly overstated.” Ọ̀gá á tún un ṣe, kò sì sẹ́ni tó pè é ní òpùrọ́.