Oúnjẹ àti Ohun Mímu Òde tí Alátọ̀gbẹ Lè Bá Gbogbo Ènìyàn Jẹ

Bí ẹ bá pe èrò sí ìnáwó, pàápàá jù lọ èyí tí àwọn àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, ó ṣòro kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà má wà láàárín wọn, yálà ó sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ olóde máa ń ní kí alásè se ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀, èyí tí kò dùn lẹ́nu rárá, tí wọn yóò sì gbé e síwájú Màmá níṣojú gbogbo ènìyàn bí ẹni pé wọ́n ń ké àìsàn rẹ̀ fáyé gbọ́. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. Oúnjẹ ilé wa bá alátọ̀gbẹ lára mu bí a bá ti tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, nítorí náà ìkòkò kan náà ni kí gbogbo àlejò jẹ nínú rẹ̀.

Ohun mímu ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, torí pé òun ló ń yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè jù. Ọ̀pọ̀ mínírà aládùn àti mọ́ọ̀tì ní nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 10 nínú mílílítà 100, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò sẹ́ńtílítà 50 kan lè gbé tó ṣíbí ìpotíì 12. Omi èso inú páálí tí wọ́n kọ sí lára pé wọn kò fi ṣúgà kún kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ, nítorí ṣúgà tó wà nínú èso tẹ́lẹ̀ kò lọ síbì kankan. Kúnú ńkọ́? Jéró tàbí ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà yóò gbé ṣúgà sókè kódà kí ẹ tó bu ṣúgà sí i.

Zobo ni mo fẹ́ràn jù fún òde, bí ẹ bá lè sè é nílé. Ẹ fi omi ṣan ewé gbígbẹ rẹ̀ dáadáa kí iyanrìn lè kúrò, ẹ da kọ́ọ̀bù 2 sínú omi lítà 3, kí ẹ fi atalẹ̀ tí ẹ ti gún, kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí ẹ ti fọ̀ mọ́ sí i, kí ó sì hó fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 20. Èèpo yẹn ló ń fún un ní òórùn tí ẹnu fi ń gbà pé ó dùn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá gé apálá àti ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Bó bá kan jù, ẹ bu omi là á. Àwọn kan máa ń lọ dábínò tàbí kí wọ́n da oyin sí i, wọn yóò sì máa sọ fún àlejò pé kò sí ṣúgà níbẹ̀. Ṣúgà ni àwọn méjèèjì ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ adùn, kí ó bu ṣúgà sí ife tirẹ̀. Omi tútù kò sì gbọdọ̀ wọ́n lórí tábìlì kankan.

Ní ti oúnjẹ, ìlànà tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ alátọ̀gbẹ kò le: kí ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́, kí ìlàrin rẹ̀ jẹ́ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà, kí ìlàrin tó kù sì jẹ́ ìrẹsì, iyán, àmàlà tàbí ohun mìíràn tó jọ wọ́n. Àwo òde wa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ló máa ń kún un, pẹ̀lú dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran kan lórí rẹ̀, àti sàláàdì ìwọ̀n ṣíbí kan. Ẹ bá alásè sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí àwọn tó ń bu oúnjẹ mọ̀ pé ìgbakọ ìrẹsì kan tó, kí wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ rírò dí àyè tó kù. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀fọ́ rírò kò bá jọ̀lọ́ọ̀fù mu kò tíì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọn kò bó tán ní fáíbà, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tí kì í dà nínú ikùn, ju ìrẹsì funfun lọ, ṣùgbọ́n ìgbakọ kan náà ni tirẹ̀. Àwọn ènìyàn a tún máa sọ pé alátọ̀gbẹ lè jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀, kí òkèlè náà má ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ.

Mọ́ínmọ́ín ni ọ̀gá nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹ̀wà kì í sáré di ṣúgà. Ẹ fi ẹyin àti ẹja sí i, ẹ dín òróró rẹ̀ kù, kí ẹ sì pọ́n ọn sínú ewé eéran, ṣùgbọ́n kí ó rọ́pò ìrẹsì, kí wọ́n má gbé e lé ìrẹsì lórí.

Fún ìpanu, ẹ dín puff-puff àti samósà kù, kí ẹ fi àsun, iwe adìyẹ alátà, ìgbín, ẹyin sísè tàbí ìkàn pẹ̀lú ẹ̀pà rọ́pò wọn. Ẹ ṣọ́ iyọ̀ àti magí, torí ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń bá àtọ̀gbẹ rìn. Kéèkì, ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Ohun tí olóde kì í sábà rò ni àsìkò. Ìwé ìpè sọ aago 12, oúnjẹ sì yọ ní aago 4. Ṣúgà ẹni tó ti gún abẹ́rẹ́ insulin láàárọ̀ tàbí tó lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide lè já wálẹ̀ kí ìgbakọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín kékeré tètè yí ká. Ọtí tún ń dá kún ewu yìí, pàápàá bí inú bá ṣófo, ó sì lè já ṣúgà wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí tí ènìyàn ti délé.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ìgò mínírà aládùn gidi kan tàbí méjì pamọ́. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já lè máa làágùn, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, kí ó máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, kí àwọn tó yí i ká sì máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní nǹkan bíi mílílítà 150 nínú mínírà náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún fún un bí kò bá tíì sàn, kí ó sì jẹun lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.