Bí mo ṣe pa ariwo ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tuntun mi lẹ́nu mọ́

₦185,000 ni àwọn tó ta ọ̀kadà fún mi ní kí n mú wá, ọ̀kadà tí kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi. Orí ẹ́ńjìnnì lódindi ni wọ́n fẹ́ tà fún mi, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan kékeré tí kò gùn ju ìka mi lọ ló bàjẹ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹrù oníbàárà ni mo ń gbé kiri, láti Bàrígà dé Yaba, Súrùlérè títí dé Ìkẹjà. Ẹni tó ta ọ̀kadà náà fún mi ṣàlàyé títí: fáàfù mẹ́rin, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, lórí pisítìnì kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń pín epo dípò kábúrétọ̀, ọ́ìlì ní réédíétọ̀ tirẹ̀ tó ń mú un tutù. Ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ó ní kò sí irú rẹ̀ nígboro. Òótọ́ ló sọ. Ó sáré, kò sì jẹ epo. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, ariwo bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti sítáàtì ẹ láàárọ̀, apá òsì á máa dún bíi pé èèyàn ń mi ìṣó nínú agolo mílíìkì, á sì dákẹ́ tó bá gbóná díẹ̀. Mo gbé e padà síbi tí mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tuntun ṣe ń dún, tó bá mọ́ra á dákẹ́. Míìtà ti lé ní kìlómítà 7,000 nígbà yẹn! Kí ló tún kù tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ mọ́ra sí?

Apá òsì yẹn ni ṣéènì táímìn wà, òun ló so kíráńkì ìsàlẹ̀ tí pisítìnì ń yí mọ́ káàmù òkè tó ń ṣí fáàfù. Tẹ́ńṣọ́nà ló ń tì í kó má baà dẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí a ti mọ̀ tipẹ́, sípíríìnì ló ń ti tẹ́ńṣọ́nà. Ti èmi yìí, agbára ọ́ìlì ni, nítorí náà tí ọ́ìlì bá pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, ṣéènì á máa gbá ara mọ́ ògiri. Tó bá dẹ̀ jù, ó lè fo eyín jíà tó ń gbé e, kí pisítìnì lọ kọlu fáàfù, ẹ́ńjìnnì sì ti lọ nìyẹn.

Mo gbé e lọ bá Bàbá kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́yìn Ọjúwòyè ní Mushin. Dída ọ́ìlì nù àti títú páìpù èéfín kò gba àlàyé. Kí Bàbá tó fi sípánà kan nǹkan kan, wọ́n pè mí pé kí n wá wo àmì ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi sórí àwọn bóòtì, gbogbo rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ẹnikẹ́ni kò tíì tú u rí. Wọ́n wá yọ asẹ́ ọ́ìlì, wọ́n sì fi ẹnu sukurudíráfà fa okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó ń nà bí wọ́n ṣe ń fà á. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ́ńjìnnì pọ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é ni, ó ti já wọnú ọ́ìlì, ó sì ti dí asẹ́. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ orí tẹ́ńṣọ́nà, ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò lè di ọ́ìlì mú mọ́. Wọ́n fi èékánná yẹ ojú káàmù wò, ó ṣì ń dán, a dúpẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, lọ wá tẹ́ńṣọ́nà wá, kò sí ohun mìíràn.”

Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo Mushin, kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò, ní 1 Júùnù 2022 láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tó fi Mushin, Ṣómólú, Kòṣọ̀fẹ́ àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún un ní Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún yẹn, púpọ̀ nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ ti yí padà sí pátì kẹ̀kẹ́ Máàrúwà. Mo dé Trade Fair ní Ọjọ́. Èyí tó jọ ọ́ jù níbẹ̀, ihò ọ́ìlì rẹ̀ wà lódìkejì. Ọ̀kan nínú wọn bá mi pe ẹnìkan ní Nnewi, níbi tí pátì ọ̀kadà ti pọ̀ bí nǹkan míì. Ìyẹn náà ní òun ò ní in.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Wọ́n ní àwọn kì í ta tẹ́ńṣọ́nà lọ́tọ̀, àfi orí ẹ́ńjìnnì lódindi, kí n sì dúró de kọ̀nténà. Wáráńtì ńkọ́? Wọ́n ní ó ti kú nítorí pé mo jẹ́ kí ará ìta tú u. Mo gbé okùn gọ́ọ̀mù inú ọ̀rá síwájú ọ̀gá wọn. Ó wò ó, ó ní kò sí ẹ̀rí pé inú ẹ́ńjìnnì ló ti jáde. Mo dákẹ́ kí n má baà sọ ohun tí kò yẹ lẹ́nu. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹlòmíràn ni mo ń sanwó fún kó bá mi gbé ẹrù.

Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹ́ńjìnnì. Honda fúnra rẹ̀ ti bọ́ sínú irú ẹ̀ rí: VF750 tó gbé jáde lẹ́yìn 1980, ojú káàmù rẹ̀ ń jẹ. Wọ́n tún un rò, VFR750F sì jáde ní 1986, jíà ló ń yí káàmù rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí Honda ń ṣe CG125 tó jáde ní 1976, wọ́n ro ti ìlú tí àwọn èèyàn kì í ti í yí ọ́ìlì lásìkò, wọ́n sì fi ọ̀pá irin ti fáàfù dípò ṣéènì. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tuntun lè ní àléébù, kì í ṣe èèmọ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti gba ẹjọ́ oníbàárà sílẹ̀ kó tó lè ní àtúnṣe. Wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Bàbá ló ní kí a yéé dúró. Wọ́n mú mi lọ bá ẹnìkan tó ń fi láàtì gbẹ́ irin. Ó gé irin pẹlẹbẹ tó ní ihò bóòtì méjì bíi ti ìdí tẹ́ńṣọ́nà gan-an, ó lu ihò sáàárín, ó gbẹ́ eyín sí i, ó sì fi bóòtì gígùn tó ní nọ́ọ̀tì ìdè sí i. Mo ní kó gbẹ́ imú bóòtì náà rìbìtì kó má baà gún rọ́bà tí ṣéènì ń fara gbá. Ihò ọ́ìlì tó ń lọ sí tẹ́ńṣọ́nà àtijọ́ nìkan ló fún wa níṣòro. A ní láti dí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì á máa tú jáde. Ríìngì rọ́bà àkọ́kọ́ jò, ìkejì dúró.

Láti ṣètò rẹ̀, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdè, kí ẹ máa fi ọwọ́ lásán yí bóòtì wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ariwo bá ṣe dákẹ́, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ de nọ́ọ̀tì. Tó bá le jù, ṣéènì á jẹ rọ́bà tán. Ó dákẹ́ lóòótọ́, Bàbá sì pa àtẹ́wọ́. Owó láàtì àti owó iṣẹ́ Bàbá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦22,000. Ẹ fi wé ₦185,000.

Tí mo bá tún fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, n kò ní béèrè bó ṣe ń sáré. Màá ní kí wọ́n gbé tẹ́ńṣọ́nà, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì àti asẹ́ ọ́ìlì síwájú mi, kí n fojú rí wọn kí n tó kówó sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ariwo bá kọ́kọ́ dún, màá gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, màá sì ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn mi sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó ráyè sọ pé ẹlòmíràn ló tú u. Ẹ̀yin tó ti rà á, ẹ ṣí asẹ́ ọ́ìlì wò nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí ọ́ìlì. Nígbà tí mo yí ọ́ìlì lẹ́yìn àtúnṣe, gọ́ọ̀mù díẹ̀ ṣì jáde. Láti ìgbà náà, asẹ́ ti mọ́. Lẹ́tà tí mo kọ sí àwọn tó tà á, mo ṣì ń retí èsì rẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kó kú síbẹ̀.