Ajá tí ẹ kò fẹ́ mọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nílùú Ifẹ̀

Ẹni tó bá ń tètè dé ọjà á ti rí i rí: páálí Indomie lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹlẹ́ran, ọmọ ajá kún inú rẹ̀, ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là, wọ́n ń ké. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ rò pé àánú lòun ṣe, pé wọn ò ní ṣàìrí eegun jẹ. Ẹ má dán an wò. Èyí tí kò bá kú sábẹ́ táyà ọkọ̀ á dàgbà sẹ́yìn ìsọ̀, á bímọ síbẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń gbé Asherifa náà ò gbẹ́yìn: wọ́n á ṣèdánwò àṣekágbá tán, wọ́n á kó ẹrù, wọ́n á fi ajá sílẹ̀ fún lańlọ́ọ̀dù tí kò bẹ̀ wọ́n.

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ ajá ìgboro kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi àmójútó ẹran tí à ń sìn nínú ilé sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, níbi kan náà tó ti dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti pátákó ìpolówó. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ béèrè dókítà ẹranko tàbí wolé-wolé. Ẹ má retí pé wọ́n á gbé ọkọ̀ tẹ̀lé yín lọ́jọ́ náà o. Ó ṣeé ṣe kí ẹ pààrà ibẹ̀. Ó ṣì sàn ju májèlé inú ẹran lọ. Májèlé ò mọ ajá ìgboro yàtọ̀ sí ti aládùúgbò, kò sì mọ ọmọ tó ń rákò.

Èyí tó burú jù ni ohun tí à ń ṣe nígbà tí ajá bá ti bu èèyàn jẹ. Wọ́n á fi ìbínú lù ú pa lójú ẹsẹ̀. Tàbí kí olówó ajá, tí ẹ̀rù owó ilé ìwòsàn ń bà, yára tà á fún ẹni tó ń wá ajá fún Ògún tàbí fún ọbẹ̀. Ajá tí dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ẹranko fi ń ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bó bá ń jẹ, tó ń mu, tí ara rẹ̀ le títí ọjọ́ fi pé, kò ní àrùn náà nínú itọ́ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Èyí tí ẹ ti tà ńkọ́, ta ló fẹ́ wò ó? Ẹni tó máa pa á, tó máa ki ọwọ́ bọ orí rẹ̀, náà ti wọ gàù. Ẹ má sì rò pé gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń sáré kiri. Òmíràn á kàn dákẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ á já wálẹ̀, itọ́ á máa dà, ẹ ó rò pé eegun ló há a lọ́fun, ẹ ó wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹni tó bu jẹ ò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ 10 yẹn. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń gbà á. Irun ajá tí wọ́n jó pò mọ́ epo pupa láti fi sójú ọgbẹ́, ẹ jù ú nù, kí ẹ fi epo tó kù se ọbẹ̀. Tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, agbára káká ni kẹ́nì kan fi yè é.

Bí ẹ bá fẹ́ fa ajá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ má bo ìwà rẹ̀. “Jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe” lẹ wí. Ó délé onílé, ó bu ọmọ wọn jẹ. Ẹ kó káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún wọn. Bó bá ti pé ọmọ oṣù mẹ́ta, tí kò sì gba abẹ́rẹ́ rí, ẹ kọ́kọ́ gbà á fún un. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà.

Bí ajá tó buni jẹ bá kú kí ọjọ́ 10 tó pé, ẹ má jù ú sódò, ẹ má sun ún, ẹ má sì fọwọ́ lásán kàn án. Dókítà ẹranko ló máa gé orí rẹ̀, tí á fi yìnyín dì í lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ọpọlọ ni wọ́n ń wò. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Vom jìnnà sí Ifẹ̀. Kí ẹni tó bu jẹ máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ kí èsì tó dé.