Bẹ́ ẹ ṣe lè bá ọmọ yín wo My Girl, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sunkún níbi tẹ́kún wà

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ bá ọmọ yín wo My Girl, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá a wò ná. Fíìmù 1991 ni, Howard Zieff ló darí ẹ̀, apanilẹ́rìn-ín ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tó bá sì ti mọ Macaulay Culkin, ọmọkùnrin inú fíìmù Home Alone, á ti rò pé ẹ̀rín lásán ni gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí Macaulay ṣe gan-an ló máa kú nínú èyí. Torí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tàn án, ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹnì kan máa kú níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹni náà. Àwọn kan máa ní ẹ ti ba fíìmù jẹ́ fún un, èmi ò gbà, ọmọ tó bá mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ ò ní rò pé ẹ tan òun jẹ. Ọ̀sán Sátidé ló dáa jù, ẹ má wò ó lóru kó tó lọ sùn.

Madison ní Pennsylvania ni wọ́n fi ìtàn náà sí, ní 1972. Vada, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, jẹ́ ọmọ ọdún 11, inú ilé tí wọ́n ń gbé ni bàbá ẹ̀ ti ń tọ́jú òkú fáwọn tó fẹ́ sìnkú, ìyá ẹ̀ ò pẹ́ kú lẹ́yìn tó bí i, ó sì ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé òun lòun pa á, ìyá àgbà tó wà nílé, iyè ẹ̀ ti ra. Ìdí nìyẹn tó fi ń sáré lọ bá dókítà ṣáá pé àìsàn yìí ń ṣe òun, tọ̀hún náà ń ṣe òun. Ọmọ yín máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ bá a rín in, torí ẹni tó bá bá Vada àti Thomas J, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí Macaulay ṣe, ṣeré dénú ló máa mọ ohun tó sọnù.

Òrùka Vada tó máa ń yí àwọ̀ padà ló bọ́ sínú igbó níbi tí ilé oyin wà, Thomas J dá nìkan padà lọ wá a, oyin bo ọmọ, ara ẹ̀ sì kọ oró oyin pátápátá. Tó bá ti débí, ẹ fọwọ́ kúrò lára rìmóòtì. Vada máa wọlé bá wọn níbi ìsìnkú, ó máa rí ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú pósí, ó máa wá béèrè pé awò ojú ẹ̀ dà, pé kò lè ríran láìsí i. Ẹ má sọ pé “fíìmù ni jàre, nu ojú ẹ”. Ẹ sún mọ́ ọmọ, ẹ fọwọ́ gbá a mọ́ra, ẹ dákẹ́. A ti ń fi “ó rìnrìn àjò” tan ọmọ jẹ jù nílé wa, ọmọ á sì máa retí ẹni tí ò ní bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè bíi tíṣà. Ọ̀kan péré ti tó: “Ṣé Vada ló fà á ni?” Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹni wọn kú máa ń rò pé ohun táwọn ṣe tàbí ohun táwọn sọ ló pa á, wọn ò sì ní sọ ọ́ jáde. Ẹ sọ fún un kedere pé rárá, kì í ṣe ẹ̀bi Vada. Tí ọ̀rẹ́ ọmọ yín bá ti kú rí, ẹ dárúkọ ọ̀rẹ́ náà, ẹ bi í léèrè eré tí wọ́n jọ máa ń ṣe, tí ò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní ìwé àti bírò, ewì ni Vada náà fi sọ tiẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ oyin. Ẹ là á yé e pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí oyin bá ta ló ń kú, àmọ́ tí oyin bá ta èèyàn tí ojú àbí ọ̀fun ẹ̀ wá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, kó sáré pe àgbàlagbà, kí wọ́n gbé e lọ sọ́síbítù lójú ẹsẹ̀.